Ẹlẹ́ja Tí Ń Ra Òkú Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Bí àwọn àgbà tó pa òwe yìí bá jí dìde lónìí, tí wọ́n wọ ọkọ̀ láti Igbókòdá wá sí Ugbónlá wa, ojú yóò tì mí láti mú wọn dé ilé ìdáná. Wọn yóò bá ìyá kan níbẹ̀ tó ń yan ẹja. Ẹja tí ọkọ rẹ̀ kó dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ló tò sórí ààrò, tó ń yí síwá sẹ́yìn nínú èéfín. Ìkòkò ọbẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Bí àwọn àgbà náà bá ṣí i, ẹja mìíràn ni wọn yóò rí nínú rẹ̀: òkú Èkó, ẹja inú yìnyín tí ọkọ̀ òkun kó wá láti òkè òkun, tó gúnlẹ̀ sí Èkó, tó gba títì dé Igbókòdá, tó tún wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja. Èyí tó wà lórí ààrò, ti oníbàárà ni. Èyí tó wà nínú ọbẹ̀ ni ìyá àti ọmọ yóò jẹ.

Mo ti rí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun ló gbé kálámù lé mi lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ fún ilé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ní Ugbónlá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọ̀n wa, kì í ṣe láti inú ìwé àlejò. Ìpín ilé sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú ẹja kí ọwọ́ oníbàárà tó kàn án. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú, àti lókè ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ wa, àti nísàlẹ̀ níbí láàárín àwa fúnra wa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn àlejò kan wá sí àdúgbò wa láti kọ́ àwọn ìyá ní ètò oúnjẹ aṣaralóore. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí inú rere ni wọ́n fi wá. Wọ́n pín ìwé aláwọ̀ mèremère fún olúkúlùkù. Ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, búrẹ́dì, ẹyin àti mílíìkì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ànàmọ́ díndín àti ọbẹ̀ adìyẹ. Ọjọ́rú, ìrẹsì, sàláàdì àti èso ápù. Wọ́n ní kí a ra ọjà ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí a gé ẹ̀fọ́ sílẹ̀, kí a pín ẹran sínú ọ̀rá kéékèèké, kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú fìríìjì, pé ìnáwó yóò dínkù. Ìyá mi, ìyé gẹ́gẹ́ bí àwa Ìlàjẹ ṣe ń pè é, gba ìwé tirẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí a délé, ó fi bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì epo.

Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀kan ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Fìríìjì wo? Ọ̀pọ̀ ọdún ni iná ìjọba kò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ yìnyín, jẹnẹrétọ̀ ni yóò tàn, owó epo bẹntiróòlù rẹ̀ yóò sì ju owó ẹran inú fìríìjì lọ. Àdìẹ wo? Ilẹ̀ gbígbẹ tí adìyẹ yóò rìn lórí rẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún wa, orí òpó ni púpọ̀ nínú ilé wa dúró sí. Ápù wo? Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò wo igi àgbọn tó wà lẹ́yìn àga tí wọ́n gbé fún un jókòó. Ìwé náà dára fún ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Kò mọ omi ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò bá mọ omi, kò lè mọ Ugbónlá.

Ohun tó dùn mí jù ni èrò tó wà lábẹ́ ìwé náà, pé àìmọ̀-ọ́n-ṣètò ló ń pa tálákà. Ẹ óò gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó rí jẹ: bí ènìyàn bá lè ṣètò owó rẹ̀ dáadáa, yóò jẹun dáadáa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ètò ìṣirò, ìyẹn NBS, ṣírò iye tó kéré jù tí àgbàlagbà kan lè fi jẹ oúnjẹ aṣaralóore lójúmọ́ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iye náà jẹ́ náírà 1,241. Ìlà oòrùn, ìwọ̀ oòrùn, àríwá, gúúsù, agbègbè wa yìí, Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn, ni tirẹ̀ wọ́n jù lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ti gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe é. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó di náírà 37,230. Fún ọkọ àti aya, láìtíì ka ọmọ kan ṣoṣo, ó di náírà 74,460. Ní oṣù keje ọdún náà gan-an ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin owó oṣù tó kéré jù lọ: náírà 70,000. Kí ni ẹni tó ń gba owó yẹn fẹ́ ṣètò? Owó ilé ńkọ́? Owó ìwé ọmọ ńkọ́? Owó oògùn ńkọ́? Àwọn tó ṣe ìṣirò náà tún sọ pé àwọn kò ka owó ọkọ̀ àti owó ìdáná sí i. Ní Ugbónlá, owó ọkọ̀ ni ìdajì ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ìyá Ìlàjẹ pé kò mọ ètò ṣe, kí onítọ̀hún wá bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyé mi kò ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó mọ iye ọjọ́ tí epo yóò fi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ó mọ ọjọ́ tí ìgbì kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ jáde, ó sì mọ iye edé tí òun gbọ́dọ̀ gbẹ sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Tálákà tí kò bá mọ ètò ṣe kì í pẹ́ láyé. Ẹni tó lówó ló lè máa ra nǹkan bó ṣe wù ú.

Mo ti bá àwọn ará òkè wí. Ẹ jẹ́ kí n yíjú sílé wàyí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan egungun. Àìlówó kò ní kí a fi ẹja tiwa sílẹ̀ kí a lọ ra òkú Èkó. Àìlówó kò ní kí a fún ọmọ ní ọbẹ̀ láìsí ẹja nígbà tí ẹja ń jóná lórí ààrò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí, ọwọ́ wa ni wọ́n wà.

Ẹ wo ọ̀nà tí owó wa ń gbà lọ. Nígbà tí oníbàárà bá wá láti Akúrẹ́ tàbí Oǹdó ra ẹja yíyan lọ́wọ́ wa, ó ti ro owó ọkọ̀ ojú omi àti owó mọ́tò rẹ̀ kó tó dá iye tí yóò san. Inú owó wa ló ti yọ ọ́. Nígbà tí àwa náà bá lọ sí Igbókòdá láti ra ìndómì, òkú Èkó àti sàdíìnì inú agolo, ẹni tó kó wọn wá ti ka owó mọ́tò tirẹ̀ mọ́ ọn, àwa yóò tún san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé. Ẹ ò rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a san owó ọ̀nà? A san án nígbà tí a ń tà, a tún san án nígbà tí a ń rà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, owó epo ti ju ìlọ́po méjì lọ kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ sì gbé owó lé owó. Kò sí oúnjẹ kankan ní Ugbónlá tí a kì í san owó ọ̀nà lé lórí, àfi ẹyọ kan: èyí tó ti inú àwọ̀n wa bọ́ sínú ìkòkò wa. Òun ni oúnjẹ tó pọ́n ẹni lówó jù lọ láti tà, tó sì rọ̀ ẹni lọ́rùn jù lọ láti jẹ. Òun gan-an ni a ń kó jáde tán pátápátá.

Kí ni a fi ń pààrọ̀ rẹ̀? Ilé tó ní ọmọ mẹ́rin, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ ọ̀rá ìndómì kan láàárọ̀, yóò jẹ ọ̀rá méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á lónìí ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá wo iye kóńgò ẹ̀wà tí owó náà lè rà. Ìyẹ̀fun funfun, òróró àti iyọ̀ ló pọ̀ nínú ọ̀rá náà. Ó ń kún ikùn lóòótọ́, ó sì yá sè, n kò bá ìyá tó jí ní aago mẹ́rin jà nítorí ohun tó yá. Ṣùgbọ́n kì í kọ́ ara ọmọ. Ohun tó ń kọ́ ara ọmọ ni ẹja, edé, ẹ̀wà, ẹyin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ pé gíráàmù márùn-ún, ìyẹn kò ju ṣíbí ìtíì kan lọ. Bí a bá da ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kékeré náà sí i, tí a tún fọ́ magí méjì lé e, mélòó ló kù fún ọbẹ̀ alẹ́?

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fojú mi rí. Ọmọ kan wà ní ìtòsí wa tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí òmíràn tẹ̀lé e, ó sì ti já a lẹ́nu ọmú. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, irun rẹ̀ pọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ìyá náà rò pé yóò bèèrè nípa àìsàn. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá ọmọ, kí ló jẹ lánàá?"

Ó ní, "Gaàrí ni, mà."

"Lónìí ńkọ́?"

"Ẹ̀kọ ni, mà."

"Iṣẹ́ wo ni ẹ̀ ń ṣe?"

Ìyá ọmọ kò dáhùn. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èéfín ẹja ṣì wà lára aṣọ tó wọ̀.

Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Edé gígún tí wọ́n ń pò mọ́ ògì rẹ̀, ẹ̀wà rírò àti ẹja tí wọ́n yọ egungun rẹ̀ ló gbé e dìde. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yẹn, kwashiorkor, èdè Gàá ti ilẹ̀ Gánà ni wọ́n ti mú un. Dókítà Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast, ló gbé orúkọ náà wọ inú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1935. Àwọn ìyá Gàá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò bá dé ni. Títí di òní, kò tíì lọ. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024 sọ pé wọ́n ti di 40. A kò rìn síwájú rárá, ẹ̀yìn là ń rìn sí.

Ìdí mìíràn tún wà tí ẹja kì í fi í dé ẹnu ọmọ, a kò sì fẹ́ràn láti sọ ọ́ síta. Àwọn àgbà kan ṣì gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹja ńlá tàbí ẹyin yóò di olè. Nítorí náà, baba a jẹ orí ẹja àti àárín, ìyá a jẹ ìrù, ọmọ a fi òkèlè nu àwo. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bèèrè: ọmọ tó ń wo ẹja lẹ́nu ẹlòmíràn lójoojúmọ́ àti ọmọ tó yó, èwo nínú wọn ló ní ìdí láti jalè? Àwọn Yorùbá náà ló sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Baba tó bá jẹ ẹja tán níṣojú ọmọ, kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí ọmọ náà kò bá lágbára láti wa ọkọ̀ fún un lọ́la.

Kí wá ni kí á ṣe? N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń da ilé wó tí kò mọ̀ ọ́n kọ́. Ètò tí mo gbà wá níyànjú kò nílò fìríìjì, kò sì nílò ìwé aláwọ̀ mèremère.

Èkínní, ìpín ilé. Nínú apẹ̀rẹ̀ ṣáwá mẹ́wàá, ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ rí Igbókòdá. Ìlú àdúrà ni Ugbónlá, a mọ ìdámẹ́wàá, a sì ń san án láìjanpata. Ẹ jẹ́ kí á san ìdámẹ́wàá ikùn ọmọ náà. Kì í ṣe ọ̀bọ̀kún ńlá tí owó ilé ẹ̀kọ́ wà lórí rẹ̀ ni mo sọ. Ṣáwá kéékèèké, ẹpìyà tí kò tóbi, edé wẹ́wẹ́, akàn tó ti já lẹ́sẹ̀, èyí tí oníbàárà ń fi ẹsẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń ní òun kò san owó lé lórí. Ẹja kékeré tó gbẹ dáadáa, tí a lè rún tòun ti egungun rẹ̀, ń fún ọmọ ní ohun tó ń mú egungun àti eyín le. Ohun tí ọjà kò kà sí ni ara ọmọ ń wá.

Èkejì, ohun tó máa tètè bàjẹ́ ni kí á kọ́kọ́ jẹ. Ọ̀sẹ̀ tiwa kì í bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti ọjà dé ló ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, kí á jẹ ẹ̀fọ́ tútù, tòmátì àti ẹja tútù. Ọjọ́ kẹta, ilá tàbí ewédú tó kù, pẹ̀lú edé. Ọjọ́ kẹrin, ẹ̀wà tí a fi epo pupa àti ẹja yíyan sè; kí á rẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà sílẹ̀, kí ó di àkàrà tí ọmọ yóò fi mu ògì láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí ewé tútù bá ti tán, ni ọbẹ̀ dúdú tí àwa àti àwọn ará Ìkálẹ̀ jọ ń sè, márúgbò, yóò wúlò, òun àti púpurú. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé tí ó wu ilé láti jẹ ìrẹsì, kí wọ́n jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹja tiwa ni kí ó wà lórí rẹ̀. Àgbọn wà fún ìpanu láàárín ọjọ́ gbogbo. Epo pupa wa ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tó ń ṣọ́ ojú; kí á má ṣe yọ́ ọ títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi funfun, nítorí ohun tó dára nínú rẹ̀ ti bá èéfín lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ewé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó gíráàmù 400 lóòjọ́. Omi iyọ̀ ti ba ilẹ̀ wa jẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ti fọ́ ń rà lẹ́yìn ilé wa. Bí a bá gbé ọ̀kan sókè lórí òpó, tí a bu ilẹ̀ dáradára kún un, tí a lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò, tí omi òjò sì jẹ́ ohun tí a ó máa bu wọ́n ọn, gbúre àti tẹ̀tẹ̀ kò ní kọ̀ láti hù. Àpò ìrẹsì àti ọpọ́n tó ti jò náà lè ṣe é. Ilé tó bá ní ọkọ̀ ewé kan lẹ́yìn kò ní san owó ọkọ̀ lórí ẹ̀fọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ ká pawọ́ pọ̀ rà. Ẹ̀wà, gaàrí, epo àti iyọ̀ kì í tètè bàjẹ́. Kí ni ìyá mẹ́wàá fi ń san owó ọkọ̀ mẹ́wàá láti lọ ra kóńgò méjì méjì, nígbà tí ẹni méjì lè lọ ra odidi àpò bọ̀ fún gbogbo wọn? Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe láàárín àwa Ìlàjẹ. Ní etí òkun wa yìí kan náà ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ti tẹ Ayétòrò dó ní ọdún 1947. Wọ́n ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n kó èrè sínú àpò kan, inú àpò náà ni wọ́n sì ti ń gbọ́ bùkátà olúkúlùkù. Ayé wá wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. N kò ní kí a padà sí bí wọ́n ṣe gbé ayé ìgbà náà. Bí àwọn baba wa bá lè fi gbogbo ohun ìní wọn sínú àpò kan, ṣé àpò ẹ̀wà kan ló máa wá ṣòro fún wa láti pín?

Ìkarùn-ún, kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú àti aboyún kọ́kọ́ mú ẹja nínú àwo, kí baba tó mú tirẹ̀. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń ta kò mí. Wọ́n ní, "Ẹja ni owó wa. Bí a bá jẹ ẹ́, kí la ó fi rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́?" Mo ti dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ẹja tí a bá jẹ kò ṣòfò, ó rọ́pò ohun tí à bá rà ni. Bí apẹ̀rẹ̀ ṣáwá kan bá mú kí a má ra òkú Èkó ní ọ̀sẹ̀ yẹn, owó ti wọlé nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni kà á lé wa lọ́wọ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá, tí ó ń sùn ní kíláàsì, owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pàápàá ń ṣòfò.

Àwọn mìíràn ní, "Ẹja wo lò ń sọ? Ṣé ẹja ṣì wà?" Ọ̀rọ̀ gidi lèyí, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn ipadò tí wọ́n gbẹ́ gba inú irà kọjá nítorí epo rọ̀bì ti mú omi iyọ̀ wọ inú omi dídùn, igi kú, ẹja omi dídùn sá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí orí pèpéle epo Parabe lójú òkun láti bèèrè iṣẹ́ àti owó gbà-máà-bínú nítorí ohun tó bàjẹ́. Ìbọn pa méjì nínú wọn. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2008 ìgbìmọ̀ adájọ́ ibẹ̀ sì sọ pé iléeṣẹ́ epo náà kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lọ́kàn wa. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ti dínkù, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a ta ìwọ̀nba tó kù tán. Ìgbà tí nǹkan bá pọ̀ ni ènìyàn lè gbàgbé ìpín ilé.

Ẹgbẹ́ kẹta wà tí mo bẹ̀rù jù, àwọn ni yóò fi inú dídùn ka àròkọ yìí. Wọn yóò ní, "Ẹ ò rí i, ọmọ wọn fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Kí wọ́n máa jẹ ṣáwá wọn. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ́wọ́ ìjọba?" Rárá o. Ìpín ilé kì í ṣe ìdáríjì fún ẹni tó jẹ gbèsè. Ọkọ̀ ewé lẹ́yìn ilé kò sọ pé kí omi mímu má dé. Ètò tí mo là sílẹ̀ yìí, ohun tí ọwọ́ wa ká ni. Iná mànàmáná, omi tó mọ́, èbúté tó dára, ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, àti odi tí yóò dá òkun dúró kó má jẹ ilé wa bó ṣe ń jẹ Ayétòrò, ọwọ́ ìjọba ni ìyẹn wà, a ó sì máa bèèrè rẹ̀. Ẹni tó bá yó díẹ̀ ló ń ní ohùn láti bèèrè. Bí àwọn àlejò oníwèé mèremère bá tún fẹ́ wá, kí wọ́n wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti ìyé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò fún ọjọ́ méje, kí wọ́n tó kọ ọjọ́ méje sínú ìwé.

Ní oṣù tó kọjá, mo yà sí ilé ìyá ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń yan ẹja. Oníbàárà kan dúró tì í, ó ń ka ṣáwá sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tó wà lábẹ́ àga, ìyá náà dì í lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èyí kì í ṣe títà. Ti ilé ni."

Oníbàárà fi owó kún owó. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo rìn lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ohun tí mo ń wá fún gbogbo Ugbónlá nìyẹn: kí apẹ̀rẹ̀ kékeré kan wà lábẹ́ àga gbogbo ìyá, tí owó kò ní lè rà.